Asẹ́ Anodisc fún híhá pólímà mọ́ inú ihò: ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ọ̀rọ̀ asẹ́ yìí kò gùn. Anodisc dára fún ẹni tó bá fẹ́ rí bí pólímà tó ń gbé iná (ohun tí mólékù rẹ̀ gùn bí okùn) ṣe ń tò nígbà tí àyè bá há mọ́ ọn. Kò dára fún ẹni tó bá fẹ́ wọn bí ṣáàjì, ìyẹn ẹrù iná, ṣe ń yára tó nínú pólímà náà. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ á náwó sórí ohun tí kò ní ṣe é láǹfààní. Òkèèrè ni asẹ́ yìí ti ń wá, ọ̀nà tó ń gbà dé Adó, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkẹ́rẹ́ sì jìn. Ó yẹ kí ènìyàn mọ èyí tó ń rà kó tó san owó.

Asẹ́ pẹlẹbẹ funfun ni. Ọ́ksáídì alumíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é látòkèdélẹ̀, kò sí ike lára rẹ̀ àfi òrùka tó wà létí àwọn tó fẹ̀. Orúkọ Whatman ló wà lára páálí. Ó nípọn tó 60 máíkírómítà. Oríṣi ihò mẹ́ta ni wọ́n ń tà: 0.02, 0.1 àti 0.2 máíkírómítà, ìyẹn 20, 100 àti 200 náńómítà. Ní ti fífẹ̀, àwọn tó wọ́pọ̀ ni 13, 25 àti 47 mìlímítà. Sísẹ́ omi kẹ́míkà ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwa tí ọ̀rọ̀ iná kàn ni pé ihò rẹ̀ gún gbọnrangandan láti ojú kan dé ojú kejì, kò dà bí asẹ́ oníke tí ọ̀nà inú rẹ̀ ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Bí pólímà bá wọ inú irú ihò bẹ́ẹ̀, kò sí ibi tó tún lè gbà ju òkè àti ìsàlẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ènìyàn á fi fẹ́ há pólímà mọ́? Ẹ jẹ́ kí á mú P3HT, ọ̀kan nínú àwọn pólímà tó ń gbé iná, torí òun ni ọ̀pọ̀ láàbù fi ń bẹ̀rẹ̀. Okùn gígùn ni mólékù rẹ̀, irun kéékèèké sì wà lára okùn náà, kábọ́ọ̀nù mẹ́fà mẹ́fà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ṣáàjì lè gbà nínú rẹ̀. Bó bá tọ okùn lọ, ó ń sáré. Bó bá fò láti okùn kan sí èkejì níbi tí ojú pẹlẹbẹ wọn ti kọjú síra, tí àlàfo ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.38 náńómítà, ó ń rìn dáadáa. Àmọ́ bó bá di pé àárín irun ló fẹ́ gbà, tí ìpele kan sí èkejì tó 1.6 náńómítà, ọ̀nà dí nìyẹn. Irun yẹn kì í gbé iná.

Bí a bá da P3HT sórí gíláàsì tó sì gbẹ, orí irun rẹ̀ ló sábà máa ń dúró lé. Èyí bá tiransístọ̀ mu, torí ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni iná ń rìn nínú tiransístọ̀. Kò bá sẹ́ẹ̀lì oòrùn àti dáódù mu, torí ìsàlẹ̀ sí òkè ni tiwọn, ó sì di dandan kí ṣáàjì la irun kọjá. Ní 1999, Sirringhaus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge fi hàn pé bí mólékù ṣe dúró nìkan lè yí ìyára ṣáàjì padà ní ìlọ́po tó ju 100 lọ nínú pólímà kan náà.

Inú ihò ni gbogbo rẹ̀ ti ń yí padà. Ògiri ihò dúró ṣánṣán, pólímà sì ń fi ògiri ṣe ilẹ̀. Irun rẹ̀ á kọjú sí ògiri, okùn àti ojú pẹlẹbẹ á wá ráyè tọ òkè àti ìsàlẹ̀. Òwú tó wọ́jọ sínú agbọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ó wá di òwú tí wọ́n ta sórí òfì. Ní 2005, Coakley, McGehee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Stanford kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyára ṣáàjì nínú P3HT tó wà nínú ihò alumina (ọ́ksáídì alumíníọ́mù) tó gún lè fi ìlọ́po 20 ju ti fíìmù lásán lọ, láti ìsàlẹ̀ sí òkè. Látìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wá ihò kiri.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí inú dùn jù ṣá o. Ìlọ́po 20 ohun tó kéré ṣì kéré, torí ọ̀nà tó dí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Híhá mọ́ kì í sọ P3HT di sílíkọ́nù. Ibi tí mólékù kọjú sí ló ń tún ṣe, kò tún mólékù fúnra rẹ̀ ṣe. Bí irun ara okùn kò bá tò lójú kan náà láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún, inú ihò kò ní sọ ọ́ di ojúlówó. Ẹ ka ìwé tó bá ìgò P3HT wá kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan asẹ́.

Ibi tí Anodisc ti kọ́kọ́ ń já ènìyàn kulẹ̀ ni fífẹ̀ ihò. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò díẹ̀. Ẹyọ kan nínú okùn P3HT wúwo tó 166. Okùn tí ìwọ̀n mólékù rẹ̀ jẹ́ 30,000 ní nǹkan bí ẹyọ 180 nínú. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan gùn tó 0.39 náńómítà, nítorí náà bí ẹ bá na okùn náà tán pátápátá, nǹkan bí 70 náńómítà ni. Ihò 200 náńómítà fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Okùn tó wà láàárín ihò bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ògiri wà, àwọn tó wà létí ògiri nìkan ló ń gbọ́ràn. Bó bá jẹ́ ihò 35 náńómítà ni, kò sí okùn tó lè nà gbalaja ní ìdábùú. Ó di dandan kó tẹ̀lé ihò tàbí kó ká sínú ara rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á ní ti 0.02 ni òun á rà. Ẹ dúró ná. Òótọ́ ni 0.02 tó wà lára páálí fún ẹni tó fẹ́ sẹ́ omi, kì í ṣe òótọ́ fún wa. Ojú kan ṣoṣo, ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ni ihò ti kéré tó bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ìpele yẹn, ihò náà fẹ̀ tó nǹkan bí 200 náńómítà títí dé ojú kejì. Inú omi ásíìdì ni wọ́n ti ń fi iná sọ alumíníọ́mù di ọ́ksáídì oníhò. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe é ni pé wọ́n á máa dín fóltì kù díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọ́ksáídì bá fẹ́ parí, ihò ńlá á wá ya ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Ọ̀nà yìí ti wà nínú ìwé ìmọ̀ láti 1989. Ó mọ́gbọ́n dání fún asẹ́: ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ló ń dá ìdọ̀tí dúró, ihò ńlá ló ń jẹ́ kí omi yára kọjá. Àmọ́ ẹni tó bá kún un pẹ̀lú P3HT tó ń retí ọ̀pá 20 náńómítà, ọ̀pá 200 náńómítà tó hu irùngbọ̀n ní ìpẹ̀kun kan ni yóò bá nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ kan tó sọ pé òun fi Anodisc 0.02 há pólímà mọ́ 20 náńómítà, ẹ wò ó bóyá wọ́n fi àwòrán ìdábùú asẹ́ náà hàn. Àwòrán ojú nìkan kò tó.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ Anodisc náà ni ẹ fẹ́ lò, 0.2 ni kí ẹ rà. Ó kéré tán, ohun tó wà lára páálí ló wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òrùka ló tún kàn. Àwọn tó fẹ̀ ní 25 àti 47 mìlímítà ní òrùka ike polipropilíìnì létí, kí ọwọ́ lè ríbi dì mú. Ike yẹn á yọ́ ní nǹkan bí 160 digíríì. P3HT kì í yọ́ títí yóò fi tó 230 sí 240. Ẹni tó bá gbé asẹ́ olórùka sórí irin gbígbóná, ike ni yóò kọ́kọ́ wọ inú ihò fún un. Ti 13 mìlímítà kò ní òrùka, òun ni kí ẹ bèèrè. Ìyà tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ó gbẹgẹ́: bí ẹ̀mú bá tẹ̀ ẹ́ láàárín, ó ti fọ́ wẹ́wẹ́ nìyẹn. Ẹ fi ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú mú un létí, tàbí kí ẹ ti bébà líle bọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ fi gbé e. Bí wọ́n bá ń bá yín gbé e bọ̀ láti Èkó, ẹ ní kí wọ́n fi òwú dì í sínú páálí kejì. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Akúrẹ́ sí Adó rí kò ní bèèrè ìdí.

Kí ẹ tó kún un, ẹ rẹ ẹ́ sínú ásítóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún rẹ ẹ́ sínú isopropanol fún mẹ́wàá mìíràn. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọǹkan onígbọ̀nrìrì, á fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sínú ofúùnù ní 120 digíríì fún wákàtí kan. Ẹ má fo èyí lásìkò òjò, torí ihò wọ̀nyí máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, omi tó bá sì lẹ̀ mọ́ ògiri kò ní jẹ́ kí pólímà sún mọ́ ọn.

Ọ̀nà méjì ni pólímà lè gbà wọlé. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ yọ́ ọ sínú kẹ́míkà kí ẹ sì kán an sórí asẹ́. Ó yá, ó sì rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: bí ẹ bá fi 20 mìlígíráàmù P3HT sínú mìlílítà kan chlorobenzene, omi náà á kún ihò dẹ́nu, kẹ́míkà á sì fẹ́ lọ. Ohun tó kù kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àyè inú ihò, torí ìwúwo P3HT jẹ́ nǹkan bí 1.1 gíráàmù sí mìlílítà kan. Ìwọ̀nba yìí á lẹ̀ mọ́ ògiri, á sì di páìpù, kò ní di ọ̀pá. Bí ẹ bá tún kán òmíràn lé e, kẹ́míkà tuntun á tún yọ́ ti àkọ́kọ́. Chloroform tiẹ̀ burú jù, torí 61 digíríì ló ń hó. Nínú ooru wa níbí, ẹnu ihò ló ti máa ń gbẹ, á sì dí kí inú tó kún. Chlorobenzene tó ń hó ní nǹkan bí 132 ló sàn. Ẹ ṣe méjèèjì lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín jáde, wọn kì í ṣe ohun tí à ń fà símú.

Ọ̀nà kejì ni yíyọ́ P3HT lásán, láìsí kẹ́míkà. Òun la fara mọ́. Asẹ́ 13 mìlímítà fẹ̀ tó 1.33 sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. Bó ṣe nípọn ní 60 máíkírómítà, gbogbo ara rẹ̀ kò ju 0.008 mìlílítà lọ. Bí ihò bá gba ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, mìlígíráàmù mẹ́ta àti ààbọ̀ P3HT ló máa kún un. Ẹ wọn mìlígíráàmù márùn-ún. Ẹ gbé asẹ́ lé orí Kapton (ike pẹlẹbẹ tó ń fara da ooru), kì í ṣe orí gíláàsì, torí P3HT tó bá yọ́ á lẹ̀ mọ́ gíláàsì, asẹ́ á sì fọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́. Ẹ wọ́n P3HT lé e lórí, kí ẹ jẹ́ kí náítírójìn ṣàn kọjá dáadáa kó tó di pé ẹ tan iná sí i. Ẹ gbé ooru dé 250 digíríì, kó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì. Bí ẹ bá fẹ́ kó tutù, kó máa lọ ní digíríì kan tàbí méjì ní ìṣẹ́jú kan, títí yóò fi dé 100.

Ohun méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́ níbí. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀ nígbà tó gbóná, àwọ̀ àlùkò rẹ̀ á di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kò sì sí àtúnṣe. Ìkejì ni kí iná lọ lójijì. Pólímà tó bá tutù kíákíá kò ní ráyè tò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba fún èyí. Ẹ gbé irin tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mélòó kan sí àárín ẹ̀rọ agbóná àti asẹ́, bí iná tiẹ̀ lọ, irin á máa tú ooru sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn tó bá tutù, fíìmù P3HT kan á ṣẹ́kù sórí asẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ẹ fi abẹ fá a díẹ̀, kí ẹ wá fi òwú tó rin fún chloroform díẹ̀ nù ún lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó má bàa wọ inú ihò. Fíìmù yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: wọ́n á gbé e lọ fún X-ray, wọ́n á rí àmì tó lágbára, wọ́n á rò pé inú ihò ló ti wá, bẹ́ẹ̀ orí asẹ́ ni.

X-ray yìí gan-an ni ibi tí Anodisc ti ń gba iyì. Nínípọn rẹ̀ tó ń dà wá láàmù níbi wíwọn iná ló ń ràn wá lọ́wọ́ níbí, torí pólímà pọ̀ nínú rẹ̀ tó láti fún ẹ̀rọ lásán ní àmì, kò di dandan kí ẹ ní àkànṣe ẹ̀rọ. Bí ẹ bá lo X-ray olóbàbà, ìpele irun á hàn ní nǹkan bí 5.4 digíríì, ojú pẹlẹbẹ tó kọjú síra á sì hàn ní nǹkan bí 23.4. Ẹ tẹ́ asẹ́ sílẹ̀ gbalaja kí ẹ̀rọ máa wo ohun tó tò lókè-sísàlẹ̀. Bí àmì 5.4 bá ga, irun ló wà lójú ọ̀nà iná, ẹ kò tíì rí ohun tí ẹ ń wá. Bí 5.4 bá lọ sílẹ̀ tí 23.4 wá yọjú, ojú pẹlẹbẹ ti tò sókè. Bí àwọn méjèèjì bá rọlẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé okùn gan-an ló dúró, tàbí kó jẹ́ pé kò sí ohun tó tò rárá. Ẹ fi ìdí asẹ́ dúró kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Láti rí ọ̀pá fúnra rẹ̀, ẹ rẹ asẹ́ sínú omi NaOH (kọ́sítíìkì sódà) tó jẹ́ 40 gíráàmù sí lítà kan. Alumina á yọ́ lọ, P3HT á kù. Àwọn ọ̀pá náà máa ń dì mọ́ ara wọn bí omi bá ṣe ń gbẹ, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe yín.

Wíwọn ìyára ṣáàjì ni wàhálà. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ fi ẹlẹ́kítíróòdù sí òkè àti ìsàlẹ̀, kí ẹ wọn iná, kí ẹ sì lo òfin Mott àti Gurney: iná ń pọ̀ sí i pẹ̀lú fóltì ní ìlọ́po ara rẹ̀, ó sì ń dín kù pẹ̀lú nínípọn ní ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta yẹn ló ń pa Anodisc. Fíìmù dáódù lásán lè nípọn tó 0.3 máíkírómítà, Anodisc jẹ́ 60. Ìlọ́po 200 ni. Bí ẹ bá sọ 200 di ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀ (200 × 200 × 200), mílíọ̀nù mẹ́jọ ló jẹ́. Bí ìyára ṣáàjì bá tó 0.001, nínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin sí fóltì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹ sì fún un ní fóltì mẹ́wàá, iná tí òfin yìí ń retí kò ju 0.14 máíkíróámpù lọ lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Lójú kan náà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti fi ṣáàjì òmìnira sínú P3HT. Bí irú ṣáàjì bẹ́ẹ̀ bá tó 10¹⁶ nínú mìlílítà kan, iná tirẹ̀ á súnmọ́ mìlíámpù mẹ́ta. Ó fi nǹkan bí ìlọ́po 20,000 ju èyí tí ẹ ń wá lọ. Ọ́síjìn lẹ ń wọ̀n, ẹ kò wọn ìyára.

Ẹ̀rí rẹ̀ kò fara sin. Ẹ ya iná àti fóltì sórí bébà lọ́gàrídíìmù méjèèjì. Bí ìlà náà bá gun òkè ní ìwọ̀n kan sí ọ̀kan, òfin Ohm (bí fóltì ṣe ń pọ̀ ni iná ń pọ̀) ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ méjì sí ọ̀kan, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ronú Mott àti Gurney. Lórí Anodisc tó ti rí afẹ́fẹ́, ọ̀kan sí ọ̀kan ni ẹ máa rí ṣáá.

Fún wíwọn, ẹ fúnra yín ṣe ihò. Masuda àti Satoh ní Japan ló fi hàn ní 1996 pé bí a bá ṣe ọ́ksáídì lẹ́ẹ̀mejì, ihò á tò létòlétò: èyí àkọ́kọ́ á ya ihò játijàti, wọ́n á yọ́ ọ dànù, ojú alumíníọ́mù á sì kù pẹ̀lú kòtò kéékèèké, inú kòtò wọ̀nyẹn ni ihò ti ìkejì ti máa bẹ̀rẹ̀. Omi tí wọ́n fi ń yọ́ ti àkọ́kọ́ ní ásíìdì fọ́sfọ́ríìkì ìdá mẹ́fà àti ásíìdì kírómíìkì ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún, ní 60 digíríì. Kírómíìkì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dà á sí gọ́tà, ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì fún àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nù. Tiwa ni pé, bó bá jẹ́ fún dáódù, ẹ fi ìlọ́po méjì yìí sílẹ̀. Ìpele alumíníọ́mù tí wọ́n fẹ́ sórí ITO (ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ orí gíláàsì tó mọ́ gaara tó sì ń gbé iná) kò nípọn tó ohun tí ẹ lè yọ́ dànù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ihò kò ní tò rèǹtè-rente, àmọ́ á gún, gígún ni iná sì fẹ́.

Omi ásíìdì náà rọrùn: gíráàmù 37.8 ásíìdì ọ́ksálíìkì, èyí tó ní omi nínú kírísítálì rẹ̀, sínú lítà kan omi dístílì. Ẹ má lo omi bọ́hólù, torí iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ alumíníọ́mù ní kòtò-kòtò. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà létí títì náà, ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Fóltì 40 ni. Ihò kan sí èkejì á jìnnà tó 100 náńómítà, torí fóltì kọ̀ọ̀kan ń mú 2.5 náńómítà wá. Ihò fúnra rẹ̀ á fẹ̀ tó 30 sí 40, èyí tí okùn P3HT á mọ̀ lára. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò lórí irin lásán kí ẹ tó fi ITO ṣòfò, alumíníọ́mù 99.99 ni kí ẹ wá. Fọ́ìlì tí wọ́n fi ń wé ẹja yíyan àti páànù òrùlé ní irin àti sílíkọ́nù nínú, ihò wọn máa ń rí jágajàga.

Ooru Èkìtì ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí. Omi ásíìdì kò gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 15 digíríì. Bó bá gbóná, ásíìdì á máa jẹ ògiri ihò bó ṣe ń dàgbà. Àárọ̀ ọyẹ́ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò lè fi iṣẹ́ láàbù lé ọyẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbé bíkà sínú kúlà, kí ẹ to yìnyín yí i ká, kì í ṣe sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa ro omi náà láìdáwọ́dúró. Ní ti iná, ẹ lo bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń mú fóltì dúró sójú kan. Bí fóltì bá ń lọ sókè sódò, ihò á máa ya ẹ̀ka, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nínú Anodisc 0.02.

Lórí ITO, ẹ má gbójú kúrò. Fàdákà ojú alumíníọ́mù á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara, ìwọ̀n iná á yí padà, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì tó fún ìpele tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ti mọ́ gaara, ẹ pa iná. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, afẹ́fẹ́ á hó nídìí rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì ṣí kúrò lára gíláàsì. Ohun tó kù ni ìdí ihò. Ọ́ksáídì tí kò ní ihò máa ń wà níbẹ̀, nǹkan bí náńómítà kan fún fóltì kan, ìyẹn 40, kì í sì í gbé iná rárá. Ẹni tó gbàgbé rẹ̀ á fi P3HT kún ihò, á sì rí òdo lórí mítà. Ásíìdì fọ́sfọ́ríìkì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ní 30 digíríì á jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n á fẹ ihò náà pẹ̀lú. Ẹ wo fífẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà, kì í ṣe ṣáájú.

Ìdí tó fi yẹ kí ẹ mọ fífẹ̀ yẹn rèé: inú ihò nìkan ni iná ń gbà. Ẹ pín fífẹ̀ ihò sí àárín ihò kan sí èkejì, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ wá fi 0.907 lọ́po rẹ̀. Ihò 40 pẹ̀lú àlàfo 100 á fún yín ní ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ihò 60 á fún yín ní 32.7. Ẹni tó bá fi gbogbo ojú ẹlẹ́kítíróòdù ṣírò nígbà tí ihò jẹ́ 40, ó ti fi ìlọ́po méje bu ìyára pólímà rẹ̀ kù.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò ihò ṣá. Ní 2011, àwọn ará Stanford fi abẹ fa TIPS-pentacene (mólékù kékeré kan tó ń gbé iná, kì í ṣe pólímà) tó ń gbẹ lórí ilẹ̀ pẹlẹbẹ, àlàfo mólékù rẹ̀ fún láti 0.333 sí 0.308 náńómítà, ìyára ṣáàjì sì gòkè láti 0.8 sí 4.6. Ní 2017, ẹgbẹ́ Zhenan Bao, ní Stanford kan náà, há pólímà mọ́ inú rọ́bà rírọ̀, wọ́n nà án di ìlọ́po méjì gígùn rẹ̀, iná inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́. Bó bá jẹ́ tiransístọ̀ lẹ ń ṣe, ẹ lọ sí ọ̀nà wọ̀nyẹn.

Ẹni tó ń kọ́ni, tàbí tó fẹ́ fi X-ray wo bí pólímà ṣe ń yí ìdúró rẹ̀ padà, kó ra Anodisc 0.2, 13 mìlímítà, aláìlórùka. Ẹni tó ń ṣe sẹ́ẹ̀lì oòrùn, kó fi owó yẹn ra alumíníọ́mù tó mọ́ àti ITO. A kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ ra ti 0.02. Bí ẹ bá sì ti ra ti 0.2, ẹ má da àfọ́kù rẹ̀ nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò kékeré, kí ẹ sì kún díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú P3HT lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú odidi asẹ́. Etí ibi tó ti fọ́ ni wọ́n á gbé sábẹ́ maikirosíkóòpù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù láti rí bóyá ọ̀pá ló wà nínú ihò tàbí páìpù.